Ó Fi Àṣírí Bàbá Sójà Gba Oyè Jẹ́nẹ́rà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó ni ìtàn yìí bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun. Kì í ṣe pé ó ń sá fún ìtìjú. Ó ní ìtìjú ti di àlejò tó wọlé tí kò lọ mọ́, kò sí ibi tí òun tún fẹ́ sá sí. Àwọn tí òun ṣẹ̀ ló ń rò. Nítorí náà, ìnagijẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ni a ó máa pè é: Jẹ́nẹ́rà.

Jẹ́nẹ́rà kò wọ aṣọ ológun rí láyé rẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òórùn òjé tí iná ti yọ́ kún ibẹ̀, wáyà lọ́ mọ́ ara wọn lórí tábìlì bí ìfun ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ẹni tó sá àti ẹni tó lé nínú ogun kan ní aṣálẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ṣí bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń jókòó lọ́sàn-án Sọ́ńdè láti jiyàn. Iyàn wọn kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti ìṣèlú. Ta ni ọ̀gágun tó mọ ogun jà jù nínú ogun àgbáyé méjèèjì? Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń gé jẹ bí ajá ṣe ń gé eegun, wọn kì í sì í yó.

Ọ̀kan á ní Rommel ni, ẹni tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ń pè ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Aṣálẹ̀. Òmíràn á ní ta wá ni Montgomery tó lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wọ ihò? Bàbá àgbàlagbà kan tí ń ta búrẹ́dì á ní ọmọdé ni gbogbo wọn, pé ogun àkọ́kọ́ ni ogun, Foch sì ni bàbá wọn.

Slim ni ti Jẹ́nẹ́rà, ẹni tó darí ogun nínú igbó Bọ́mà, tí wọ́n lé e jáde, tó tún padà lọ gba ilẹ̀ náà. Jẹ́nẹ́rà mọ ìtàn náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í joyè.

Ẹnì kan ṣoṣo ní àdúgbò náà ló dé Bọ́mà ní tòótọ́. Ẹni náà kì í sì í bá wọn jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Jẹ́nẹ́rà ni. Bàbá Sójà ni gbogbo ayé ń pè é, inú yàrá ẹ̀yìn nílé Jẹ́nẹ́rà ló ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bí ó bá wá fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó bá wọn lẹ́nu iyàn, ńṣe ló máa ń yí padà, á ní òun á wá lọ́la.

Jẹ́nẹ́rà bi í nígbà kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, irú ènìyàn wo ni Slim yẹn?"

Bàbá Sójà ní, "Àwọn tí ẹ ń pè ní ọ̀gágun yẹn, n kò rí ìkankan nínú wọn sójú rí. Kòkòrò ni mo rí."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ràn arúgbó náà ju ẹni tó bí i lọ, bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹni tó bí i. Inú oyún ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ àti Bàbá Sójà jọ lọ sógun. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan ni wọ́n. Ẹnì kan ló padà wálé. Ẹni tó padà yìí ló tọ́ ọmọ náà, òun ló rán an níléèwé, òun ló mú un lọ kọ́ṣẹ́ gbàjámọ̀, òun ló ra dígí ńlá tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí bàbá rẹ̀ ṣe kú, onígbàjámọ̀ á dáhùn pé, "Ibà ni. Ọwọ́ Bàbá ló kú sí." Á sọ ọ́ bí ẹni ń fi nǹkan iyì han ènìyàn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àìsàn inú kọlu Bàbá Sójà, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Jẹ́nẹ́rà ló tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Súnmọ́ mi. Wọ́n fẹ́ gé mi níkùn. Bí n kò bá jí, ẹrù kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbé lọ."

"Ẹ ó jí, Bàbá. Ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn."

"Pa ẹnu dé kí o gbọ́. Ibà kọ́ ló pa bàbá onígbàjámọ̀."

Ó ní inú òjò ni àwọn wà, ọ̀tá ń lé àwọn bọ̀. Eṣúṣú lẹ̀ mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀ títí bàtà fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìbọn ti bá ọ̀rẹ́ òun níkùn, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan. "Ìdin ń jáde lára rẹ̀, ó ń wọlé padà bí ẹni tó ni ilé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ wọ́n. Bí mo bá yọ ọ̀kan, méjì á yọjú. Òórùn rẹ̀ wà ní imú mi bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

Kò sí ẹni tó lágbára láti gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá kékeré kan, tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n má fi ẹni tó gbọgbẹ́ sílẹ̀ láàyè fún ọ̀tá. Ó ní kí olúkúlùkù lọ ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Jẹ́nẹ́rà ní, "Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ gba òun lọ́wọ́ ìrora ni?"

"Kò bẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi ló dì mú. Ó ní, 'Gbé mi. Ìyàwó mi lóyún. Gbé mi.'" Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Mo yìnbọn. Mo wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi ló kú sí. Ṣé irọ́ ni?"

Jẹ́nẹ́rà ń wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú.

"Bí mo bá kú, ìwọ ni kí o sọ fún ọmọ náà. Ní kọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́. Bí mo bá yè, fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ó ti wọ kànga."

Bàbá Sójà yè é. Ó padà sílé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Inú Jẹ́nẹ́rà ni ọ̀rọ̀ náà wá ń gbé.

Bóyá ibẹ̀ ni ì bá kú sí, bí kì í bá ṣe ti Tíṣà.

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò ni. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí ń fi ìka gún afẹ́fẹ́ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn Zhukov ló wà, ẹni tó dáàbò bo Mọsko tó sì kógun wọ Bẹ̀lín. Sọ́ńdè tó kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, iyàn gbóná, ẹnu Jẹ́nẹ́rà yọ̀. Ó ní Rommel ni òtútù lé kúrò ní Stalingrad.

Tíṣà rọra dìde. "Ta ni? Ní ibo?"

"Rommel. Ní Stalingrad."

"Ẹ̀gbọ́n, inú iyanrìn ni Rommel wà nígbà tí yìnyín ń pa àwọn yẹn. Paulus ni wọ́n mú ní Stalingrad. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì kejì mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu wọn. Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba oyè lórí Jẹ́nẹ́rà.

"Láti òní lọ, Kọ́pùrà ni ẹ́! Lọ máa ṣọ́ géètì!"

Ẹ rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ lójú ọ̀nà, "Kọ́pùrà!" Bó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Kọ́pùrà, ṣé Rommel ti dé?" Ẹni tó gbé rédíò wá fún un pàápàá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe bí ẹ ṣe tún Stalingrad ṣe o."

Ìyàwó rẹ̀, tí ń ránṣọ ní ìta ilé, rí i bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀. "Dádì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kọ́pùrà náà ń jẹun. Ẹni tó jagun nínú ilé yìí kì í sọ̀rọ̀ ogun, ẹ̀yin tí ẹ kò mú ìbọn rí lẹ ń jà á."

Jẹ́nẹ́rà kọjá lára rẹ̀ wọlé. Ohun tó ń rò ni pé òun ní ohun kan tí Tíṣà kò ní. Tíṣà ka ìwé, òun náà ka ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn inú ikùn òun yìí, kò sí nínú ìwé kankan.

Ó kọ́kọ́ lé èrò náà. Èrò náà padà bí eṣinṣin. Ó ní òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní bí a kò bá ti dárúkọ, ta ni a ṣẹ̀? Ó ní Bàbá yóò tilẹ̀ dùn pé òun gbé iyì àwọn sójà Bọ́mà ga. Bó ṣe ń jó òjé mọ́ wáyà, bẹ́ẹ̀ ló ń to ìtàn náà: èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ, ibi tí yóò ti dákẹ́ díẹ̀, ibi tí yóò ti rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí ẹran, á ní okùn ọrùn rẹ̀ lòun kàn ń tún so.

Sọ́ńdè kan báyìí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kún dé ojú ọ̀nà. Oníbúrẹ́dì wà lórí àga, ọṣẹ funfun bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, onígbàjámọ̀ ń fá a. Tíṣà ló ń sọ̀rọ̀.

"Òṣùwọ̀n ọ̀gágun ni àṣẹ tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀ lé. Bí Zhukov bá ní ẹ má sún, wọn kò ní sún. Àwọn ti Slim tí ẹ ń pariwo yẹn, kí ni wọ́n ṣe nínú igbó? Ẹrù ni wọ́n rù! Kọ́pùrà, ẹ dárúkọ ẹyọ sójà kan tó tẹ̀ lé àṣẹ tó le."

Gbogbo ojú yí sí Jẹ́nẹ́rà. Ó dìde.

"Tíṣà, ẹ ti kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí nínú ìwé fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀. Òjò. Eṣúṣú. Bàtà tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí ti asọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nígbà tó dé orí ìdin, àwọn kan fi ọwọ́ bo imú, wọ́n ní, "Háà!" ṣùgbọ́n wọ́n na ọrùn láti gbọ́ sí i. Àwọn tí ń kọjá lọ dúró. Ẹnì kan ní, "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn sọ, ibi ìdin yẹn."

Ó tún un sọ. Ó tilẹ̀ fi kún un.

Ó sọ ti àṣẹ ọ̀gá kékeré náà. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ mú, ó sì fi ohùn ẹni tó ń kú lọ ké pé, "Gbé mi! Ìyàwó mi lóyún! Gbé mi!"

Ó dákẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe tò ó tẹ́lẹ̀.

"Ó sì yìnbọn pa á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀! Tíṣà, ṣé àṣẹ tó le nìyẹn àbí kò le?"

Pàtẹ́wọ́ sọ. "Jẹ́nẹ́rà! Jẹ́nẹ́rà! Ẹ dá oyè rẹ̀ padà fún un!" Wọ́n gbá a lẹ́yìn. Ara rẹ̀ yá gágá. Títí di òní, bó bá rántí pé ara òun yá ní ìṣẹ́jú náà, ńṣe ni itọ́ ń korò lẹ́nu rẹ̀.

Tíṣà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. "Àlọ́ ni. Ẹni tó gbé Rommel lọ sí Stalingrad lè gbé ẹnikẹ́ni lọ síbikíbi. Ta ni sójà náà?"

"N kò lè dárúkọ rẹ̀."

"Nítorí pé kò sí."

"Ó wà!"

"Irọ́ ni, Kọ́pùrà!"

Orúkọ yẹn ló tì í. "Mo ní ó wà! Ó ń bẹ láyé! Ó padà wálé, ó sì tọ́ ọmọ inú oyún yẹn dàgbà, ó rán an níléèwé, ó kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́..."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lohùn.

Abẹ dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì.

Onígbàjámọ̀ kò yíjú. Inú dígí ló ti ń wo Jẹ́nẹ́rà. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Iṣẹ́ ọwọ́ wo?"

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì.

"Mo ní, iṣẹ́ ọwọ́ wo ló kọ́ ọ?"

Jẹ́nẹ́rà gbé ojú kúrò nínú dígí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà nígbà yẹn. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun ẹlẹ́gbin.

Onígbàjámọ̀ nu abẹ rẹ̀, ó pa á dé. "Bàbá ní ọwọ́ òun ló kú sí," ni ó sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó ń ka pátákó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọwọ́ òun ló kú sí."

Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà ṣe. Ọkùnrin náà súnmọ́ Jẹ́nẹ́rà, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì sọ sí i létí pé, "Ẹgbẹ́ ọmọ ogun wo ni? Ọdún wo? Ẹ má gbàgbé, ó ṣe pàtàkì."

Oníbúrẹ́dì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fá ní apá kan jáde, ọṣẹ ń ro sí i lọ́rùn.

Onígbàjámọ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà. Jẹ́nẹ́rà ń sáré tẹ̀ lé e. "Ọ̀rẹ́ mi, dúró. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀. Kò rí bí mo ṣe sọ ọ́. Mo fi iyọ̀ sí i ni." Ó dà bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá Bàbá Sójà, ó jókòó ti báàfù, ó ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí onígbàjámọ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ti pa ṣọ́ọ̀bù dé ni?"

Onígbàjámọ̀ kò kí i. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi?"

Arúgbó náà ju síńgílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú omi. Ó wo ẹ̀yìn onígbàjámọ̀, ó rí Jẹ́nẹ́rà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, bí ènìyàn ṣe ń wo ohun tó rí nínú oúnjẹ tó ti jẹ dé ìdajì. Kò tún wò ó mọ́.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹni yìí ní bàbá mi ní kí ẹ gbé òun. Ó ní ó di ṣòkòtò yín mú. Ó ké e fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ké. Gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́." Onígbàjámọ̀ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ẹni tó mọ ojú wò, á mọ̀ pé ọmọ náà ń bẹ arúgbó yìí pé kó sọ pé rárá. Bàbá Sójà gbé ọwọ́ kúrò nínú omi. Omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní kí n gbé òun," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Onígbàjámọ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fá yín. Ẹ ń gbé ọrùn lé mi lọ́wọ́, mò ń pè yín ní bàbá, ẹ sì mọ̀." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó bì sínú gọ́tà.

Bàbá Sójà gbìyànjú láti dìde, ó na ọwọ́ láti di èjìká rẹ̀ mú, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé tó bá ń bì.

"Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kàn mí!"

Ọwọ́ náà dúró sójú afẹ́fẹ́. Onígbàjámọ̀ nu ẹnu, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Bàbá Sójà obìnrin wá kó ẹrù bàbá rẹ̀. Obìnrin náà kò bá Jẹ́nẹ́rà jà. Ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra kó má bàa kàn án.

Jẹ́nẹ́rà wọ yàrá ẹ̀yìn, ó wólẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èṣù ló lò mí."

"Fi Èṣù sílẹ̀, kò sí lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀." Arúgbó náà ń di okùn bàtà rẹ̀. "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ní kí o fi í sílẹ̀ fún mi láti sọ?"

"Kí ẹ lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni."

"Irọ́ ni mo fẹ́ pa." Ohùn rẹ̀ tutù. "Láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa bọ̀ láti ogun ni mo ti ń to irọ́ náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Pé ó rẹ́rìn-ín sí mi. Pé ó ní kí n ṣe é, kí n lọ tọ́jú ọmọ òun. Ọmọ náà ì bá sunkún, ì bá dìde, ì bá máa bá ayé rẹ̀ lọ. Irọ́ yẹn nìkan ni ogún tí mo ní fún un. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi, o fi gba pàtẹ́wọ́."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́. Ẹ rò pé àwọn oníyàn yóò túká? Ìloro ilé Tíṣà ni wọ́n kó lọ. Àárín ọ̀sẹ̀ kan báyìí, Tíṣà mú àlejò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́nẹ́rà, ọkùnrin tó wọ kóòtù.

"Jẹ́nẹ́rà, ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ìlú òkèèrè ló ti wá. Òun náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ogun. Mo ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ bíi tiyín. Ẹ bá a sọ ti ìdin yẹn."

Àlejò náà ti jókòó, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ.

Jẹ́nẹ́rà wo ẹ̀rín náà, ó mọ̀ ọ́n. Irú ẹ̀rín yẹn ló wà lójú òun lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó mú irin òjé tó gbóná lọ́wọ́, ó nà án sí wọn. "Ẹ jáde. Ẹ jáde kí n tó fi èyí jó yín lẹ́nu!"

Wọ́n sáré jáde. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n lílé tó lé wọn kò fọ nǹkan kan mọ́. Nínú ilé tirẹ̀ gan-an, bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti fẹ́ relé ọkọ bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan, ó sunkún, Jẹ́nẹ́rà sì béèrè pé kí ló dé.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lórí maṣíìnì. "Kò sí nǹkan kan, Dádì."

"Ọmọ mi ń sunkún, o ní kò sí nǹkan kan?"

"Ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n má sọ fún yín. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹni tó ni ìtàn yìí ní kí a bá òun sọ ọ́ fún yín: bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ẹ rí i pé ẹ ti ń to ibi tí ẹ ó ti dákẹ́ àti ibi tí ẹ ó ti rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ ti ń tà á nìyẹn, kó tó di pé ẹ rí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ó tó oṣù díẹ̀ kí Jẹ́nẹ́rà tó ní ìgboyà láti lọ wo Bàbá Sójà nílé ọmọ rẹ̀. Ó ra èso dání. Bó ṣe fẹ́ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, onígbàjámọ̀ ló jáde.

Ojú onígbàjámọ̀ pọ́n. Kò ṣeé mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ìbínú. Ó ti rù. Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, Jẹ́nẹ́rà gbọ́ tí arúgbó náà ń wú ikọ́, tó sì ń fun imú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ni Jẹ́nẹ́rà wí. Ẹni tó ń pè ní "ìwọ" láti kékeré ló ń fi "ẹ" kí báyìí.

Onígbàjámọ̀ mi orí.

"Ṣé ẹ... ṣé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ yẹn ni? Kí ni Bàbá sọ?"

Ọkùnrin náà rọra fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ títí ó fi gbọ́ pé ó há. Ó wo Jẹ́nẹ́rà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo èso ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.